Bàbá Apáirin àti Ìwé Tí Kò Ní Ọ̀rọ̀

Inú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún aago ṣe ni a bí olóògbé sí, ní ọdún 1944. Bàbá wọn ló ni ṣọ́ọ̀bù. Ìyá wọn ló ni ẹ̀rọ ìránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Olóògbé ni ọmọ kẹta nínú márùn-ún, ó sì dájú pé àwọn ni ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu wọn jù. Ìyá wọn a máa pariwo pé, "Ṣé ayékòótọ́ ni mo bí ni?"

Ní 1950, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n fẹ́ràn àwòrán, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò gbà á rárá: ẹṣin tí wọ́n bá yà, àga ni. Olùkọ́ wọn wá ní kí wọ́n kúkú máa kọ ọ̀rọ̀ sí àwòrán àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n fi jẹun títí ayé nìyẹn.

Ní 1966, wọ́n wọ ilé ìtẹ̀wé, wọ́n sì pàdé ayàwòrán kan níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ló dá Apáirin sílẹ̀, akọni inú ìwé ìtàn alàwòrán tó ń fò lókè òrùlé, tó ń fi ọwọ́ kan gbé ọkọ̀ akẹ́rù. Ayàwòrán ni yóò kọ́kọ́ ya gbogbo rẹ̀, yóò fi àyè funfun sílẹ̀ lókè orí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bàbá yóò wá fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Ìwé tí wọ́n kọ báyìí lé ní irinwó. Kòsinmi ni gbogbo ilé ìtẹ̀wé ń pe Bàbá, nítorí ẹnu wọn kì í sinmi.

Ní 1970, wọ́n gbé ìyàwó, ọmọbìnrin tó ń di ìwé ní yàrá ìsàlẹ̀ ilé ìtẹ̀wé náà. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ. Wọn kì í pa ọjọ́ ìjọsìn jẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àga ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ń jókòó sí, tí wọ́n ń kọ ìjà Apáirin sẹ́yìn ìwé orin. Láti 1990, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìwé kíkà nínú pálọ̀ wọn, láìgba kọ́bọ̀.

Àkọ́bí wọn obìnrin ni ẹbí ní kó kọ ìtàn yìí, àyà rẹ̀ sì ń já. Láti ìgbà tí ọlọ́jọ́ ti dé ló ti ń tún àwọn ìwé náà kà lórí tábìlì oúnjẹ. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé èyí tó burú níbẹ̀ pọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá pa ìyá Apáirin. Lẹ́yìn ikú kẹta, ìyá náà tún gbé tíì wá fún ọmọ rẹ̀. Ọ̀daràn kan náà ni wọ́n ń pààrọ̀ fìlà fún. Síbẹ̀, bí ọ̀kan bá burú báyìí, èyí tó tẹ̀ lé e lè mú kí àgbàlagbà gbàgbé ìkòkò lórí iná.

Àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ agbẹjọ́rò kò fẹ́ gbọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọjọ́ ìsìnkú la fẹ́ máa fún Dádì ní máàkì? Ẹ kọ ọ́ pé gbogbo ẹ̀ ló dáa, ó tán!" Ṣùgbọ́n àwọn tó ka ìwé wọ̀nyí ló máa kún gbọ̀ngàn. Ta ló fẹ́ purọ́ fún wọn?

Ẹbí ti fẹnu kò pé ẹ̀rọ yóò gbé ojú ewé ìwé kan hàn lára ògiri gbọ̀ngàn lónìí, kí a sì ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sókè. Àkọ́bí mú ìwé afárá tó wó, èyí tí gbogbo ayé yìn. Màmá, ìyàwó olóògbé, mi orí pé rárá.

"Èyí tó jókòó ni kẹ́ ẹ gbé wá."

Nínú ìwé yẹn, tó jáde ní 1975, Apáirin jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ilẹ̀kùn tó tì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo àyè funfun sì ṣófo. Àwọn òǹkàwé dá a padà, wọ́n ní ilé ìtẹ̀wé gbàgbé ọ̀rọ̀. Nígbà tí àkọ́bí dé ilé ẹ̀kọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ìwé náà. Kò sí ìwé tí àkọ́bí kórìíra tó èyí.

"Màmá, wọ́n máa fi Dádì rẹ́rìn-ín. Kí la tiẹ̀ fẹ́ kà níbẹ̀?"

"Ẹ má ka nǹkan kan. Ọmọ ọdún méjì ni ẹ́ nígbà yẹn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹ. Ìwọ lo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Bàbá ẹ jókòó níta láti àárọ̀. Mo ní kó bá mi sọ̀rọ̀, Kòsinmi tí gbogbo ayé mọ̀, kò rí nǹkan kan sọ."

Ayàwòrán, tó ti di arúgbó, jẹ́rìí sí i. Ó ní Bàbá ló ní kí òun ya bẹ́ńṣì àti ilẹ̀kùn náà, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì jà lórí àyè funfun. "Mo ní kí ló dé tó fi ẹnu wọn sílẹ̀ lófìfo. Ó ní jọ̀ọ́, kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Àkọ́bí sunkún, kò fi pamọ́. Ó ti ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì rí i pé òun ló dára jù nínú irinwó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ṣì ń bà á, nítorí ẹ̀rín kan ṣoṣo lè ba ọjọ́ yìí jẹ́ mọ́ Màmá lọ́wọ́.

Ìyàwó wọn, ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje àti ayàwòrán tó dà bí ọmọ ìyá ni olóògbé fi sílẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìdúrótì. Bí ẹ bá rí ọkùnrin tó jókòó lára ògiri, tí ẹ kò sì gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, ẹ̀rọ kò bàjẹ́. A kò gbàgbé ọ̀rọ̀. Ìwé náà parí kí ilẹ̀kùn tó ṣí, ṣùgbọ́n ó ṣí. Ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló kọ ohun tí ẹ ń kà yìí.

Bàbá, ẹ dìde lórí bẹ́ńṣì. Ẹ sùn re o.