Mẹ́wàá Lọ́wọ́ Ọ̀tún

Màámi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Shuyun ọmọ mi. Ara mi le koko. Wọ́n ti gbé mi kúrò nídìí ẹ̀rọ tó ń gé irin, ilẹ̀ ni mò ń gbá báyìí. Iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni. Ẹ má wo bí ìwé yìí ṣe rí wọ́gọwọ̀gọ, ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ́ ìwé kíkọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá Shuyun ṣe eré ìṣirò wa, èyí tí ọwọ́ kan ṣoṣo ń ka iye dé mẹ́wàá. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe iye kan, ẹ fi òsì ṣe òmíràn, kó pa méjèèjì pọ̀. Kí ẹ na àtàǹpàkò àti ìka tó kéré jù nìkan ni mẹ́fà. Ọwọ́ dídì ni mẹ́wàá. Ẹ má jẹ́ kó gbàgbé.

Lọ́jọ́ Àìkú tí a ṣe é lórí fóònù, tí a ń rí ara wa, mo di ọwọ́ ọ̀tún mi, mo kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí i. Mẹ́wàá àti mẹ́ta. Mẹ́wàá àti mẹ́fà. Ó mọ ìdáhùn gbogbo rẹ̀, ló bá bú sẹ́rìn-ín: "Màmá, ọ̀lẹ ni yín! Mẹ́wàá, mẹ́wàá ṣáá! Ẹ fi ọ̀tún ṣe mẹ́fà!"

Mo ní iná fóònù mi ti tán.

Màámi, kí ni màá sọ fún un lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀? Ẹ gbà mí. Mò ń rẹ́rìn-ín o.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ sọ fún Shuyun pé ẹ̀bùn ọdún rẹ̀ ni mo dì mọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè ṣí ọwọ́ ọ̀tún mi.

Ọmọ yín,
Qiaolian