Ṣáàfù Ẹ̀yìn Jíìpù Ìyá Rẹ

Ajégúnlẹ̀, Èkó.

Sí Tàófíìkì Àkànjí ọmọ mi, ní ilé baba mi ní Ìwó,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó bá ọ nínú ilé tí o wà. Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá ọ lórí ìdúró, kó má bá ọ lórí ẹní àìsàn. Ní tèmi, orúnkún ń dùn mí, ojú ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n mo ń jẹun, mo sì ń kírun. Moyinolúwa, tíṣà tó háyà yàrá ẹ̀yìn, ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, kó má fi adùn kankan sí i. O ti pa fóònù rẹ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe láyé àtijọ́.

Mo gbọ́ pé o ò wakọ̀ mọ́. Wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni bá na kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí ọ, ńṣe lo máa ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo mọ ohun tó fà á. Láti ìrọ̀lẹ́ tí àyà ń di ìyá rẹ mú ni, tí o ń gbé e lọ sí ọsibítù, tí jíìpù rẹ̀ dúró sáàárín àwọn tánkà ní Malu Road, tí ìyá rẹ sì kú kí ẹ tó rí kẹ̀kẹ́ gbé e. Ọ̀rọ̀ jíìpù yẹn ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Lẹ́yìn tí o lọ, ẹnu ọ̀nà wa ló wà, níbi tí wọ́n wọ́ ọ sí. Eruku bò ó, adìyẹ ìyá Chinedu ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Bí mo bá jáde láàárọ̀, òun ni mo kọ́kọ́ ń rí. Èrè okùn àti tapólì tí Sàfíátù ìyá rẹ ń tà fún àwọn onítírélà ló fi rà á, òun ló sì fi ń kó ọjà dé Kirikiri. Èmi fi èjìká ru ẹrù ní èbúté Lighter Terminal títí mo fi darúgbó, mi ò kọ́ ọkọ̀ wíwà. Òun ló ń gbé mi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó mi ń gbé mi kiri bí àpò ìrẹsì. Èmi a sì wọlé jókòó. Nígbà tí ojú mi ò gba ọkọ̀ náà mọ́, mo ní kí n tà á.

Benson tó ń ta táyà ní Kirikiri ní òun máa rà á, ṣùgbọ́n àfi tó bá lè rìn dé ọ̀dọ̀ òun. Mo pe Ugochukwu mẹkáníìkì, ọmọ Íbò tó gbọ́ Yorùbá jù ọ́ lọ. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó ní irin gígùn tó ń gbé agbára láti iwájú lọ fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n ń pè ní ṣáàfù, ti jẹ, oríkèé rẹ̀ sì ti já. Ó ní kí n má dààmú, òun máa ṣe bí gbogbo àdúgbò ti ń ṣe é: òun máa yọ ṣáàfù ẹ̀yìn dànù, ọkọ̀ á máa fi ẹsẹ̀ iwájú nìkan fa ara rẹ̀ lọ. Ìwọ náà mọ̀ pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbí.

Ohun tí Hàbíbàt, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, náà dì mú nìyẹn nígbà tó sọ lójú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ ìsìnkú pé bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá tilẹ̀ bàjẹ́, èyí tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ pé kì í dúró, pé ẹ̀rù ló bà ọ́ tí o fi pa á tì sáàárín ọ̀nà. Ìwọ ń wí pé o tẹ̀ ẹ́, ó ń ké, kò lọ. Wọn ò gbà ọ́ gbọ́. Èmi sọ fún ọ pé àkókò ìyá rẹ ló tó. O ní ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni mo fi ń bò ọ́ lójú. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò mọ́ bá ọ nílé.

Ugochukwu yọ ṣáàfù náà, ó jókòó sínú ọkọ̀, ó ṣáná, ó sì ki í sí jíà. Ọkọ̀ ké. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó ké ju ti àkọ́kọ́ lọ. Táyà kankan ò yí. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ń họ orí. Ó ní, "Baba, e no gree move o."

Ó tún wọ abẹ́ rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ní ọkọ̀ ò rí bákan náà. Ó ní irú tèyí, iwájú àti ẹ̀yìn ló jọ ń pín agbára. Bí ti ẹ̀yìn bá ti já, gbogbo agbára á gba ibẹ̀ jáde, bíi ti páìpù omi tó bẹ́ lẹ́yìn ilé: ẹ̀rọ iwájú ilé ò ní kán tótó. Ó ní àfi kí òun fi ṣáàfù mìíràn sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní kúrò lójú kan láéláé.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, Àkànjí. O tẹ̀ ẹ́, ó ń ké, kò lọ. Bí o ṣe sọ ọ́ gan-an ló rí.

Mo ní kó má tíì fi nǹkan kan sí i. Mo ránṣẹ́ sí Hàbíbàt. Ó rò pé ẹrù ìyá rẹ la fẹ́ pín, ó gbé àpò dání. Mo ní kó wọ iwájú ọkọ̀, kó jókòó síbi tí àbúrò rẹ̀ jókòó sí. Mo ní kí Ugochukwu tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ ń ké, Hàbíbàt fi ọwọ́ méjèèjì di ilẹ̀kùn mú, ó ń retí pé yóò lọ. Mo ní kó máa tẹ̀ ẹ́ nìṣó. Nígbà tó yá, obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, "Bàbá Tàófíìkì, ẹ ní kó pa iná ọkọ̀ yìí. Mo ti purọ́ mọ́ ọmọ wa." Láti ọjọ́ náà ló ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tó ń sọ ọ́ fún àwọn tó gbọ́ tirẹ̀ níbi ìsìnkú.

Mi ò ní tàn ọ́ pé ara tù mí. Bí ọkọ̀ bá rìn lọ́jọ́ náà, bóyá ìyá rẹ ì bá wà, bóyá kò ní sí. Ọlọ́run ló mọ̀. Ohun tí èmi fi ojú mi rí ni pé kì í ṣe ìwọ lo dá a dúró.

Mi ò ta ọkọ̀ mọ́. Benson bínú, ó sì lọ. Ugochukwu wá ṣáàfù tòkunbọ̀ dé ọjà Ládípọ̀. Èyí tó kọ́kọ́ gbé wá gùn jù, ó dá a padà, ó gbé òmíràn wá. Ọkọ̀ ti rìn dé iwájú mọ́ṣáláṣí, ó sì padà, kò kùn. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lórí ìṣó tí ìyá rẹ máa ń gbé e kọ́ sí. Orúnkún mi ò gbé mi dé itẹ́ òkú. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, mi ò tíì padà síbẹ̀. Mi ò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn fi ọkọ̀ Sàfíátù gbé mi lọ. Máa bọ̀.

Kí Ọlọ́run tú ohun tó dì ọ́ lọ́kàn. Kí ọwọ́ rẹ má gbọ̀n lórí ohunkóhun mọ́. Ìwọ ni wàá sin mí, mi ò ní sin ọ́. Ẹni tí mo ti sin tó mi.

Èmi ni baba tó bí ọ,
Àjàmú.
(Àtàǹpàkò mi ni mo tẹ̀ síbí.)

Àfikún: Ìjókòó tí o dà sẹ́yìn fún ìyá rẹ kó lè rí ẹ̀yìn tì ṣì wà bó ṣe wà. Bó ṣe dà sẹ́yìn yẹn ni Hàbíbàt jókòó lé e. Ugochukwu fẹ́ gbé e dìde, mo ní kó fi í sílẹ̀. Ìwọ ni wàá gbé e dìde, kí n tó wọlé jókòó.