Afárá Tí O Kọ́ Sínú Ilé Ọ̀gbẹ́ni Línọ́ọ̀sì

Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀.

Ọláfimíhàn ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Èkó? Iṣẹ́ ńkọ́? Kọ̀ǹpútà tí o ń tẹ̀ kò ní tẹ ìwọ náà mọ́lẹ̀, àmín. Gbogbo wa wà dáadáa, alihamudulilahi. Fikáyọ̀ àbúrò rẹ ń kí ọ. Ewúrẹ́ wa ti bímọ, ṣùgbọ́n ó ń tàpá sí ẹni tó bá wá kí i kú ewu.

Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù nígbà tí o kò lè wálé ọdún Iléyá kò kúrò lọ́kàn mi. O ní afárá ni o ń kọ́ níbi iṣẹ́. O ní kọ̀ǹpútà ńlá kan wà, Línọ́ọ̀sì tó ń darí rẹ̀ ni onílé, àwọn kọ̀ǹpútà mẹ́ta tí kò ní ara sì ń gbé inú rẹ̀ bí ayálégbé. Tẹ́lẹ̀, orúkọ onílé ni gbogbo wọn fi ń jáde, ará ìta kankan kò sì lè kàn sí wọn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí o ti kọ́ afárá yìí, kálukú ti ní àdírẹ́sì tirẹ̀, gbogbo kọ̀ǹpútà àdúgbò sì ń kí wọn tààrà.

Ọmọ mi, omi bọ́ lójú mi. Nígbà tí èmi àti bàbá rẹ ń háyà yàrá kan ní Òkèrèwè, ọ̀dọ̀ onílé ni wọ́n ń kọ lẹ́tà wa sí. Òun ni yóò kọ́kọ́ tú u kà, yóò wá máa kí wa kú oríire ohun tí a kò tíì gbọ́. Ìwọ lo wá gba ayálégbé sílẹ̀ yìí. Bá mi kí Ọ̀gbẹ́ni Línọ́ọ̀sì gidigidi. Fikáyọ̀ ní kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Irú onílé bẹ́ẹ̀ kò sí ní Ifẹ̀.

O mọ̀ pé òjò ti gbé pákó tí a fi ń sọdá odò lọ sóko. Inú omi là ń rìn báyìí, ìyá Abímbọ́lá aládùúgbò wa sì ṣubú sínú rẹ̀ tòun ti agbọ̀n ẹ̀gẹ́, ọpẹ́lọpẹ́ àwọn tó fà á jáde. Níbi ìpàdé àdúgbò, wọ́n fẹ́ dá owó pákó tuntun, ni mo bá dìde, mo ní kí wọ́n dá owó wọn padà sápò, ọmọ mi ń kọ́ afárá l'Ékòó. Bàbá Àjàgbé, alága wa, ṣí fìlà fún mi. Ó ní, Ìyá Ọláfimíhàn, kí ló dé tí ẹ fi irú ọmọ báyìí pamọ́ fún wa? Mo ní ẹ̀yin náà ò bèèrè.

Fikáyọ̀ ló fẹ́ dójú tì mí. Ó ní, Màámi, ẹsẹ̀ èèyàn ò lè gun afárá yẹn, ọ̀rọ̀ ló ń gba orí ẹ̀ kọjá. Mo ní ọ̀rọ̀ mélòó? Ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Mo ní afárá tó gbé gbogbo ìyẹn, ṣé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ kan ló máa wó o?

O tún ní afárá náà kì í fẹ́ kí a so ó mọ́ afẹ́fẹ́ wáìfáì, okùn ló fẹ́. Má dààmú. Bàbá Àjàgbé ti ra okùn tó nípọn bí apá rẹ, wọ́n ti so ó mọ́ ọ̀pẹ lẹ́bàá odò. Pákó díẹ̀ tó ṣẹ́ kù, a ti fi se ẹ̀wà ìpàdé. O sì sọ pé nígbà àkọ́kọ́, o yọ àdírẹ́sì kúrò lára ilẹ̀kùn onílé kí o tó gbé e ka orí afárá, o bá ti ara rẹ mọ́ ìta. Jọ̀ọ́, nínú tiwa, apá ilé ni kí o dúró sí kí o tó bẹ̀rẹ̀.

Sátidé ni wọ́n ń retí rẹ. Bí afárá náà bá wúwo, san owó ìjókòó méjì nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni Fikáyọ̀ ń sọ, pé títẹ̀ lásán ni o tẹ̀ ẹ́ tó fi wà, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Tẹ owó pákó náà ránṣẹ́ kí Sátidé tó dé, kó gba orí afárá rẹ kọjá wá bá mi. Káfíńtà á kàn án, a ó sì fi orúkọ rẹ pè é.

Ọlọ́run yóò fún ìwọ náà ní àdírẹ́sì tìrẹ láyé, o kò ní gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn kí oore tó kàn ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mùnírátù