Ìyá Olóṣùwọ̀n, Ẹni Tó Wọn Igi Ìdáná Títí Ojú Wọn Fi Rí I

Ní ọdún 1943, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ilé búrẹ́dì, ni a bí Ìyá Olóṣùwọ̀n, àkọ́bí bàbá oníbúrẹ́dì àti ìyá eléèédú. Inú èéfín ni wọ́n la ojú sí. Kí wọ́n tó mọ̀wé kà, wọ́n ti mọ igi: wọ́n á fi ìka kàn án, wọ́n á ní èyí gbẹ, èyí tutù. Ikọ́ èéfín ló mú ìyá eléèédú lọ ní 1957. Láti ọjọ́ náà ni màmá wa yìí ti ń sọ pé ojú àwọn gbọ́dọ̀ rí ọjọ́ tí èéfín máa dínkù nílé ìdáná kí àwọn tó kú.

Ìṣirò ni wọ́n fẹ́ràn jù nílé ìwé. Ní 1966, wọ́n fẹ́ bàbá káfíńtà. Wọ́n ní ọkùnrin tí kì í ra igi tutù kò lè ya òmùgọ̀.

Ní 1969, wọ́n wọ ọ́fíìsì ìṣirò ìjọba, níbi tí wọ́n ti ń ṣírò iye igi tí ilé kọ̀ọ̀kan fi ń dáná. Láàárọ̀, wọ́n á gbé igi ìdáná onílé sórí òṣùwọ̀n, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á padà wá wọn èyí tó kù. Èyí tó dín ni iná jẹ.

Ní 1984, ìwé tó kó ìṣirò ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ dé. Háà! Nínú ká fi igi dáná, tiwa ló wà lókè téńté! Òkìkí ọ́fíìsì kàn, wọ́n sì ti fẹ́ fi màmá ṣe ọ̀gá nítorí rẹ̀. Àfi bí màmá ṣe rántí pé ìgbà òjò ni wọ́n wọn igi yẹn. Omi ni wọ́n wọ̀n mọ́ igi! Ọmọ eléèédú, ẹ wo àṣìṣe! Wọ́n kọrí sọ́dọ̀ ọ̀gá: "Ọ̀gá, èmi ni mo ṣì í. Ẹ jẹ́ ká tún un wọ̀n." Ọ̀gá ní, "O fẹ́ fọwọ́ ara rẹ ba tìẹ jẹ́?" Wọ́n tún un wọ̀n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní ọ̀ọ́dúnrún ilé ìdáná. A já láti ipò kìíní sí ìkẹsàn-án, ipò ọ̀gá sì bọ́ lọ́wọ́ màmá fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn aládùúgbò ń yọ̀ pé èéfín ti dínkù. Màmá ní kí wọ́n má tíì yọ̀ o, àṣìṣe ló dínkù.

Wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2003. Wọn kì í pa àdúrà òwúrọ̀ jẹ, wọn kì í sì í wo ẹni tó ń kó igi tutù sínú ààrò níran. Gbogbo àdúgbò ni wọ́n kọ́ bí a ṣe ń sá igi. Lọ́dọọdún, ọmọ-ọmọ wọn àgbà, tó ti wọ ọ́fíìsì ìṣirò kan náà, á ka ìwé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè náà sí wọn létí: orílẹ̀-èdè kan ti sá lọ sídìí gáàsì, òmíràn padà sídìí èédú nígbà tí gáàsì wọ́n, àwọn ará ilẹ̀ òtútù ń fi èérún igi tí wọ́n kì pọ̀ mú ilé móoru. Màmá á máa pariwo bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwé tuntun dé. Igi tí à ń fi dáná nílẹ̀ wa ti dínkù láti ìdá mẹ́ta sí ìdá méjì! Màmá dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ṣé gbígbẹ ni wọ́n wọ̀n?"

"Gbígbẹ ni, Màmá. Èmi gan-an ni mo wọ̀n ọ́n."

Igbe ayọ̀ tí wọ́n ké mú aládùúgbò sáré wọlé. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n sùn, wọn ò jí mọ́.

Wọ́n fi bàbá káfíńtà sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, àti òṣùwọ̀n kan tó ṣì péye.

Ẹ sùn re o, Màmá. Ẹ kí ìyá eléèédú. Ẹ sọ fún wọn pé ojú yín rí i.