Bọ́tìnnì Ṣíjibòmí

Ṣèyílọ́lá ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà nínú ẹ́sítéètì yín l'Ájàh, níbi tí wọ́n ti ń béèrè orúkọ ẹni kí wọ́n tó ṣí géètì fún bàbá onílé? Ibi tí ẹ bá ti ń wá ire, ire náà á ti máa wá yín. Àwa náà wà létíkun Eléko níbí. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, ewúrẹ́ ìyá rẹ sì ti bí.

Ọ̀rọ̀ Ṣíjibòmí ọmọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ wa ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. O ní kí n ràn án lọ́wọ́ kí wọ́n tó wọlé ìwé lọ́jọ́ Ajé, torí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń fi ṣẹ̀sín pé kò lè de bọ́tìnnì, nǹkan sì ń já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó dùn mí gan-an.

Àǹtí Rẹ̀míláyọ̀, olùkọ́ ẹ̀, wọlé sínú fóònù tí o rà fún mi. Mo gbé wọn sétí fèrèsé kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí wọn, mo gbé ẹja yíyan síwájú wọn, wọn ò jẹ, bóyá wọ́n ń gbààwẹ̀ ni. Wọ́n ní ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ, orí ẹ̀ sì pé, ọ̀rọ̀ ló kàn máa ń pẹ́ lọ́nà láti orí dé ọwọ́. Mo ní ó yé mi, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Addo ṣe máa ń rí nìyẹn. Wọ́n ní kí n gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ fún un, kí n má kánjú, kí n sì máa pàtẹ́wọ́ fún èyí tó bá ṣe.

N kì í fi ọ̀rọ̀ olùkọ́ ṣeré. Mo ní kí gbogbo etíkun máa pàtẹ́wọ́. Ó mú bọ́tìnnì, a pàtẹ́wọ́. Ó rí ihò ẹ̀, a pàtẹ́wọ́. Ni Kàmọ́rù apẹja bá ní òun ò ní ti ọkọ̀ sómi mọ́ àfi tí a bá pàtẹ́wọ́ fóun náà. Ìyá rẹ, tó bá ti gbé ìkòkò kaná, á dúró, á máa wojú mi. Àwọn tó wá gbafẹ́ rò pé ìsìn la ń ṣe, wọ́n bọ́ bàtà.

Láàárọ̀ àná, ọmọ náà de gbogbo bọ́tìnnì ẹ̀ fúnra ẹ̀. Tòkè ló kó sí ihò kejì, ìyókù tẹ̀ lé e, kọ́là fẹ́ẹ̀ kan etí ẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Kàmọ́rù lanu, mo wò ó, ó panu dé. Ó tú tiẹ̀, ó tún un dè bíi tọmọ náà. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, kò sí ọkùnrin kan létíkun yìí tí ẹ̀wù ẹ̀ gún mọ́, títí kan lèmọ́mù àti pásítọ̀. Omi bọ́ lójú mi.

Jọ̀wọ́, fowó ránṣẹ́. Ẹ̀wù gbogbo wa ló fi kọ́ṣẹ́, bọ́tìnnì ò fi bẹ́ẹ̀ kù mọ́. Má fi sí bánkì, ojú wọn le. Ibi tí Àǹtí gbà wọnú fóònù ni kí o tì í gbà.

Tí o bá wá mú un ní Sátidé, má tún ẹ̀wù ẹ̀ dè o. Táwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bá sì rẹ́rìn-ín, sọ fún wọn pé báwa ṣe ń dè é ní Eléko nìyẹn.

Ohun tí ẹ ń lé, ọwọ́ yín á tẹ̀ ẹ́. Bó pẹ́ lọ́nà, á dé.

Èmi bàbá rẹ,
Akínwùmí