Òkú Èkó Tí Mo Fẹ́ Fi Ṣọdún

                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Òpópónà Fọlágbadé,
                                        Ìjẹ̀bú-Òde,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        29 Oṣù Kejìlá, 1986.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. O kú ọdún, o kú ìyèdún. Ọyẹ́ Jọ́ọ̀sì ńkọ́? Mo gbọ́ pé ti ọdún yìí mú débi pé ètè ènìyàn ń là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Kí Ọlọ́run fi aṣọ rẹ̀ bò yín. Bàbá Ìbejì ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ìbejì fúnra wọn ńkọ́? Ṣé Táyé ti ríṣẹ́, àbí ó ṣì jókòó tì ọ́ nílé bí àgbà tó ti fẹ̀yìn tì? Bó bá ṣì wà nílé, má fi bú u, Edith. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà láàyè tó ń jẹ ẹ́ lóúnjẹ, ó ní ohun tó fi ń dúpẹ́. Mo ní ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Èmi náà wà. Ara mi le, ṣùgbọ́n inú mi kò mọ́. Láti ọjọ́ Túsìdeè tó kọjá ni ohun gbogbo ti ń rí mi lára: ẹja, orin ìsìnkú, aṣọ funfun, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo bá rí ẹni tó ń bọ̀ wá kí mi lókèèrè, ṣe ni mo ń ti ìlẹ̀kùn. Jókòó dáadáa kó o kà á.

O rántí pé mo sọ fún ọ lóṣù kẹwàá pé mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹun Kérésìmesì lórí tábìlì kan náà. Ọdún kẹrin rèé tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn. Olúyọmí àti Frederick jọ ń gbé l'Ékòó, tiwọn kò nira. Mọ́ṣádé, ìkẹta wọn, ni mo ń bẹ̀rù. O mọ ọmọbìnrin mi yẹn. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú ló ti ń sọ ọ́ kiri pé ọmọkùnrin nìkan ni mo bí, pé òun kàn bá wọn wọlé ni. Ó wà ní Ìlọrin níbi tó ti ń kọ́ni, kì í wá, kì í kọ̀wé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé sí i kó tó gbà. Nítorí náà, oúnjẹ yìí kì í ṣe oúnjẹ lásán lójú mi. Bí kò bá dára, yóò ní nítorí pé òun náà ń bọ̀ ni mo ṣe sè é bẹ́ẹ̀, a kò sì ní í rí i mọ́.

Ṣùgbọ́n kí ni ká fi sè é? Owó ìfẹ̀yìntì mi, o mọ bó ṣe kéré tó. Látìgbà tí ìjọba ti ní kí ìrẹsì òkè òkun má wọlé mọ́, ìrẹsì ti di ohun tí à ń wò lójú tí à ń kí. Kó o tó béèrè iye kọ́ńgò kan lọ́jà Òkè-Ajé, ó yẹ kó o ti jókòó. Mo wá fi ọgbọ́n Ìjẹ̀bú sí i. Mo ní n kò ní í se ìrẹsì rárá, ìkọ́kọrẹ́ ni n ó sè, bí ìyá wa ṣe ń sè é. Ewùrà wà lóko ẹ̀gbọ́n mi ní Òdogbólú, ọ̀fẹ́ ni. Epo wà nílẹ̀ láti oṣù karùn-ún. Adìẹ mẹ́ta wà lẹ́yìnkùlé tí mo ti ń fi àjẹkù bọ́ láti Ọdún Àjíǹde, ọ̀kan fún ọmọ kan. Ẹja nìkan ló kù, o sì mọ̀ pé ìkọ́kọrẹ́ tí kò lẹ́ja kò yàtọ̀ sí sítáàṣì tí à ń ri aṣọ bọ̀.

Yọmí ń ṣe akọ̀wé níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹja sínú yìnyín ní Àpápá, wọ́n sì máa ń ta páálí kan fún òṣìṣẹ́ ní pọ́ọ́kú bí ọdún bá kù díẹ̀. Mo kọ̀wé pé kó bá mi ra páálí òkú Èkó kan, kó gbé e bọ̀ lọ́jọ́ tí òun bá ń bọ̀. Bóyá orúkọ míì ni ẹ̀yin ń pè é lọ́hùn-ún. Òkú Èkó ni gbogbo wa ń pe ẹja inú yìnyín níbí, nítorí pé kò sí ẹni tó rí i láàyè rí, Èkó ló ti ń kú wá.

Yọmí kò dúró dìgbà tí òun ń bọ̀. Ó fẹ́ kí n ráyè yan ẹja náà kí ọdún tó dé, ló bá gbé páálí fún Wàhábì, awakọ̀ tó ń ná Èkó sí Ìjẹ̀bú-Òde, láàárọ̀ Túsìdeè. Wàhábì dé gáréèjì, kò lè fi páálí sílẹ̀ wá sílé. Ẹni tó rí níbẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Ernest, aládùúgbò wa. O kò mọ ọ́n. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló lò ní Liverpool, oṣù kẹjọ yìí ló dé, láàárín oṣù méjì ó ti di ẹni tí wọn kì í ṣèpàdé lẹ́yìn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, nítorí pé ó ní kóòtù méje. Wàhábì bẹ̀ ẹ́ pé, "Bàbá, ẹ bá mi sọ fún Ìyá Yọmí pé òkú Èkó wọn ti dé o. Kí wọ́n tètè wá gbé e, yìnyín ara ẹ̀ ti ń yọ́. Bó bá di ọ̀sán, á máa rùn."

Èmi kò bá Wàhábì wí. Èwo ni kò tọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀?

Ká ní Ọ̀gbẹ́ni Ernest wá sọ ọ́ fún mi bó ṣe gbọ́ ọ ni, n bá gbé abọ́, n bá gba gáréèjì lọ. Ṣùgbọ́n wọn kì í túfọ̀ ọmọ fún ìyá ọmọ lójúkojú báyẹn. Ìyẹn kò kúrò lára rẹ̀ ní Liverpool. Ọ̀dọ̀ Ìyá Rose ló gbà lọ, ìyá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wa, ìyẹn náà ránṣẹ́ pe àwọn yòókù nínú ìjọ, tọkùnrin tobìnrin. Aago mọ́kànlá ni wọ́n wọlé, àwọn mẹ́sàn-án, aṣọ dúdú lọ́rùn gbogbo wọn. Mo ń fọ ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ lọ́wọ́. Ìyá Rose gba kànìnkànìn lọ́wọ́ mi, ó ní kí n jókòó. Ìgbà wo ni mo gbúròó àwọn ọmọ mi kẹ́yìn? Mo ní Yọmí kọ̀wé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Frederick ńkọ́? Mo ní wọ́n jọ wà ni. Wọ́n wo ojú ara wọn. Ọ̀gbẹ́ni Ernest wúkọ́, ó ní, "Màmá, Ọlọ́run tó ń fúnni náà ló ń gbà."

Edith, abiyamọ ni ìwọ náà. Mo ní, "Èwo nínú wọn ni?" Mo tún béèrè, Ìyá Rose ní ká máa kọrin. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló yé mi pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Àwọn mẹ́jọ rò pé Ernest mọ̀, Ernest rò pé kò yẹ ọmọlúàbí kó máa tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò. Èmi kò lè lọ, òbí kì í wojú òkú ọmọ, wọ́n sì dì mí mú. Wọ́n wá fi mí sílẹ̀ kí n máa sunkún ọmọ méjì fún odidi wákàtí márùn-ún, kàkà kí ẹnì kan rìn dé gáréèjì. Àwọn ọkùnrin inú wọn kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Adébóyè káfíńtà. Wọn kò mọ bí òkú ṣe gùn tó, wọ́n ti ń dúnàádúrà pósí. Láti ibẹ̀ wọ́n lọ ra aṣọ funfun, wọ́n sì ń wá ọkọ̀ akẹ́rù kiri ìgboro.

Ibi tí ìríra ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àwọn obìnrin wọ ilé ìdáná mi, wọ́n ní èrò yóò wá, kí ni wọn ó jẹ? Wọ́n kó ewùrà tó wà lábẹ́ tábìlì, wọ́n rin ín, wọ́n fi dín òjòjò. Epo tí mo ń fi ṣíbí bù láti oṣù karùn-ún, wọ́n dà á bí omi òjò. Wọ́n pa adìẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tó fi di aago méjì, àwọn tí n kò rí rí láyé mi ti ń ti ẹnu ọ̀nà wọlé. Ọkùnrin kan bá mi sunkún tomijé-tomijé, ó lá ìka rẹ̀ tán, ó béèrè bóyá ata ṣì kù. Obìnrin kan di itan adìẹ sínú ìwé ìròyìn, ó tì í bọ inú báàgì, ó wá fi ọwọ́ ọlọ́ràá yẹn gbá mi mọ́ra, ó ní kí n gbà f'Ọ́lọ́run. Àlùbọ́sà ni mo ń gbóòórùn lára ìtùnú rẹ̀.

Ó kọjá aago mẹ́rin kí ọkọ̀ akẹ́rù tó dé. Wọ́n gbé nǹkan kan sọ̀ kalẹ̀, kò tóbi, wọ́n fi aṣọ funfun wé e, omi pupa ń kán tó-tó-tó láti ẹnu ọ̀nà wá. Mo rí i bó ti kéré tó, mo figbe ta. Mo ń bi wọ́n pé ṣé gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù lára ọmọ mi nìyí. Òórùn gba ilé kan. Adébóyè káfíńtà ló tú aṣọ náà, kò lè wojú mi. Ó ní, "Màmá, ẹja ni o. Páálí ẹ̀ ti já, ìdí tá a fi fi aṣọ dì í nìyẹn." Wàhábì ti wà nídìí rẹ̀ láti àárọ̀, ó ń bá wọn lé eṣinṣin.

O rò pé ẹnikẹ́ni tọrọ àforíjì? Ọ̀gbẹ́ni Ernest ní ní Liverpool, ẹja ni wọ́n ń pe ẹja. Ìyá Rose ní ikú ti yẹ̀, ká yin Olúwa, wọ́n kọrin ọpẹ́, wọ́n sì jókòó padà, wọ́n jẹ òjòjò tó kù. Ẹnì kan tiẹ̀ gbà mí nímọ̀ràn pé bí mo bá fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ẹja náà, ẹnikẹ́ni kò ní í mọ̀. Mo wo ẹja: ojú rẹ̀ ti wọnú, ikùn rẹ̀ ti là, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Mo gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo sin ín. A kúkú sìnkú lóòótọ́ nílé mi lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti fi ìsáàlì apakòkòrò fọ ẹnu ọ̀nà, òórùn náà kò tíì kúrò.

Àwọn ọmọ dé lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Inú bí Yọmí, ó fẹ́ lọ ká Ernest mọ́lé, mo dá a dúró. Frederick ní tirẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Títí ọdún fi tán, bó bá fẹ́ mumi, á ní, "Ẹ bu omi fún òkú." Ìrọ̀lẹ́ ni Mọ́ṣádé dé, ó kí mi bí ẹni ń kí ọ̀gá ilé ìwé. Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, Yọmí sáré lọ sí Òdogbólú lọ wú ewùrà mìíràn, mo sì fi edé gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ kan se ìkọ́kọrẹ́, láìsí ẹja, láìsí adìẹ. Àwọn ọkùnrin jẹ, wọ́n tún bù. Mọ́ṣádé ń fi ṣíbí yí tirẹ̀ ká. Ó ní, "Màmá, adìẹ tẹ́ ẹ kọ̀wé pé ẹ̀ ń sìn fún wa ńkọ́?" Mo ní àwọn aṣọ̀fọ̀ ti jẹ ẹ́. Ó ní, "Ó dáa." O mọ irú ó dáa bẹ́ẹ̀.

Èyí tó kù yìí, ìwọ nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Lọ́jọ́ Túsìdeè yẹn, tí wọ́n dì mí mú ní pálọ̀, tí mo ń pe Yọmí, tí mo ń pe Frederick, mo gbọ́ igbe adìẹ kìíní lẹ́yìnkùlé, mo gbọ́ ti èkejì. Kí n tó mọ̀, mo ti ń ké pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa ìkẹta. Ẹ fi ìkẹta sílẹ̀ fún mi." Ìyá Rose na ọwọ́ sókè, ó ní Olúwa kò ní í pa á. Gbogbo ilé ṣe àmín. Àwọn tó wà lẹ́yìnkùlé bá wa ṣe àmín, wọ́n sì pa á.

Lánàá, nínú ìsìn, Ìyá Rose dìde jẹ́rìí. Ó ní ìyá kan wà nínú ìjọ yìí tó gbọ́ ikú ọmọkùnrin méjì, síbẹ̀ tí kò bá Ọlọ́run jà, ọmọbìnrin rẹ̀ tó kù nìkan ló ń bẹ̀bẹ̀ fún, pé òun fetí ara òun gbọ́ ọ nígbà tó ń ké pé, "Ẹ má pa ìkẹta." Mọ́ṣádé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó bú sẹ́kún. Ọmọ tí kò fọwọ́ kàn mí láti ọdún mẹ́rin so mọ́ mi lọ́rùn lójú gbogbo ìjọ, ó ní, "Màmá, n kò mọ̀. Ẹ má bínú, n kò mọ̀." Èmi náà sunkún. Wọ́n rò pé ayọ̀ ni.

Adìẹ ni mo ń sọ, Edith. Wọ́n ní ọmọ mi ti kú, adìẹ ni mo ń ṣírò. Gbogbo àwọn tó wá jẹ mí run lọ́jọ́ náà, tí mo ti ń bú láti òkè lẹ́tà yìí wá, kò sí èyí tó rí mi lára tó bí ara mi ṣe rí mi lára. Bí mo bá sọ òótọ́ fún un, mo pàdánù rẹ̀ pátápátá. Bí mo bá dákẹ́, gbogbo ìgbà tó bá ń dì mọ́ mi ni n ó máa gbọ́ igbe adìẹ yẹn. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ bi. Sọ èyí tó yẹ kí n ṣe, má sì fọ̀rọ̀ yìí lọ Bàbá Ìbejì.

Bá mi kí wọn, bá mi kí àwọn ìbejì, kí ìyàwó Kẹ́hìndé kú ìtọ́jú oyún. Yọmí àti Frederick ti padà s'Ékòó láàárọ̀ yìí, wọ́n ní kí n kí ọ. Mọ́ṣádé kò tíì lọ, ó ní òun ó bá mi wọ ọdún tuntun. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú láti ilé ìdáná báyìí, ó bi mí pé ta ni mò ń kọ̀wé sí. Mo ní ìwọ ni. Ó ní kí n sọ fún ọ pé ìkẹta ń kí ọ.

Èmi tìrẹ láti ọjọ́ ilé ìwé wá,
Susannah