Iná Tí À Ń Pa Lọ́sàn-án Nítorí Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé àjà yàrá rẹ kò jò mọ́? A dúpẹ́ pé orí ilẹ̀ lo ti ń ka lẹ́tà yìí. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹyẹ lórí wáyà kò ní gbójú kúrò lára rẹ. Mo mọ̀ pé wàá máa rẹ́rìn-ín pé mo ń pè ọ́ lọ́mọ, torí ìwọ lo kọ́ mi ní ábídí. Rẹ́rìn-ín bó ṣe wù ọ́. Àbúrò bàbá rẹ ni mo jẹ́, bàbá rẹ kò sì sí mọ́, nítorí náà èmi ni bàbá, bí mo tilẹ̀ kéré sí ọ lọ́jọ́ orí. Agídí kọ́, bí wọ́n ṣe bí wa ni.

Gbogbo ilé wà lálàáfíà. Ìyá rẹ, tí wọ́n tọ́ èmi náà dàgbà, sùn títí oòrùn fi là lónìí, wọ́n sì ń hanrun. Ó dùn mọ́ mi létí, torí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti sùn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ, má bínú.

Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi ló fà á, èyí tí o dé akoto, tí o dúró ti òpó iná láàárín àwọn ọkùnrin tó gbé àkàbà, tí o sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ibi iṣẹ́ nìyẹn. Ìyá rẹ wò ó, wọ́n di àyà mú. Wọ́n ní ṣé gbogbo ìwé tí àwọn rán ọmọ lọ kà, orí òpó ló já sí. A pè ọ́ nírọ̀lẹ́, o ní iṣẹ́ ń lọ dáadáa, kí a má mikàn. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló bà wá lẹ́rù jù, torí ọmọ gidi kì í sọ ewu fún ìyá rẹ̀.

Mo wá jókòó, mo rò ó dáadáa. Wáyà ló so ilé wa mọ́ ìlú tí o wà. Bí okùn bá wà lọ́wọ́ ẹni méjì, tí ẹni ìhín bá fà á, ẹni ọ̀hún á mọ̀ ọ́n lára. Nítorí náà, bí a bá tan iná níhìn-ín, à ń fà á mọ́ ọ lọ́wọ́ nìyẹn. Láti ìgbà náà, bí o bá ti ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, màá pa iná gbogbo ilé, ó di ìgbà tí o bá ṣíwọ́. Ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Aṣọ ìjáde mi rún bí ojú arúgbó, torí ìyá rẹ ní ta ló fẹ́ tan áyọ́ọ̀nù lé ọmọ àwọn lórí.

Wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ni kò gbọ́. A mọ̀ pé bó bá ti ń jórin, ńṣe ni gílóòbù gbogbo àdúgbò ń ṣẹ́jú, ta ni kò mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe fífà kékeré? Mo lọ bá a pé kó máa dúró di ìrọ̀lẹ́. Ó ní ṣé orí mi pé, ta ló fi mí jọ̀gá iná? Mo jókòó lé irin rẹ̀, mo ní n kò ní dìde. Òun àti ọmọọṣẹ́ rẹ̀ gbé irin náà tèmi tèmi lọ sí òdìkejì ọgbà, n kò sì dìde. Mo ti di ẹrù mi pàápàá, kí n lè wá máa gun òpó náà dípò rẹ. Igi ẹ̀yìnkùlé ni mo fi ń kọ́ ọ.

Àfi bí wáyà ṣe já ládùúgbò wa, tí àwọn òṣìṣẹ́ iná wá tún un ṣe. Mo bá ọ̀gá wọn lábẹ́ òpó, mo fi fọ́tò rẹ hàn án, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ máa fún ọ ní òpó kúkurú. Ọkùnrin náà jókòó sórí àkàbà rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní o kò fọwọ́ kan wáyà rí. Ó ní o wá sọ́gbà iṣẹ́ wọn, o ń bi wọ́n léèrè iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe, ẹni tó kọ́ wọn, iye tí wọ́n ń gbà, àti àwọn tó fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ó ní iṣẹ́ rẹ ni láti mọ irú òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ iná ń fẹ́ lónìí àti lọ́la, kí wọ́n má pọ̀ jù níbì kan kí wọ́n sì wọ́n níbòmíràn, àti pé onímọ̀ ọrọ̀-ajé ni wọ́n ń pe irú yín. Òun alára, mítà ló ń kà láti ilé dé ilé tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mítà tó ń ka ara rẹ̀ dé, wọ́n fẹ́ lé gbogbo wọn. Ìwọ lo sọ fáwọn ọ̀gá pé àwọn tó mọ òpó gùn ti ń darúgbó, kí wọ́n kọ́ àwọn wọ̀nyí dípò kí wọ́n lé wọn. Ó ní oúnjẹ tí àwọn ọmọ òun ń jẹ, ẹnu rẹ ló ti jáde.

Mo sáré pe ìyá rẹ. Wọ́n ní kó tún un sọ. Wọ́n bi í níbo gan-an lo máa ń wà, ó ní àga lo máa ń jókòó lé, àga náà kò tilẹ̀ ga. Ìyá rẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin náà ṣe fẹ́ gun òpó, wọ́n fò dìde, wọ́n bi í pé ṣé ìyá tirẹ̀ náà wà láyé, wọ́n ní kí n sáré lọ dá wẹ́dà dúró. Ó ní wọ́n ti pa iná láti orísun kí òun tó gbẹ́sẹ̀ sókè. Ìyá rẹ ní àwọn gbọ́, ṣùgbọ́n kí n lọ dá a dúró náà.

Báyìí, fáànù ń yí láti òwúrọ̀. Ìyá rẹ ti lọ gbogbo aṣọ ilé, ó kan aṣọ ìnulẹ̀.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra ṣòkòtò, torí iná irin ti lu tèmi. Má fi gba báǹkì. Akọ̀wé wọn ní kí ìyá rẹ mú ẹ̀rí wá pé àwọn ni àwọn, wọ́n bínú kúrò níbẹ̀. Wẹ́dà ní kí n kí ọ. N kò bẹ̀ ẹ́ o, n kò rí ohun tí mo ṣe tí kò dáa. Òun ló pè mí, ó ní ẹni tó lè jókòó lé irin tí kò dìde, á lè di irin mú kó má mì. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń wà báyìí lójoojúmọ́, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Iṣẹ́ tí o fi ń gba tẹlòmíràn là kò ní bọ́ lọ́wọ́ ìwọ náà. Ilẹ̀ tí o ń tẹ̀ kò ní yọ̀. Mo gbọ́ pé ẹ tún máa ń ka àwọn tí kò níṣẹ́. Bí o bá kà á dé ilé wa, fò mí.

Èmi ni bàbá rẹ kékeré, ọmọọṣẹ́ wẹ́dà.